Àgbàrá Di Ọgbà: Bí Dáàmù Marib Ṣe Ṣiṣẹ́

Inú Súrà Saba' ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa àwọn ará Sábà nílé kéú: ọgbà méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí àgbàrá tó wá bà wọ́n jẹ́. (Sábà yìí náà ni ìlú ayaba tí àwọn ará Òkè-Erì ń so mọ́ Bílíkísù Súngbọ́.) A kì í sábà béèrè bí ọgbà ṣe dé ibẹ̀. Etí aṣálẹ̀ Yemen ni Marib wà; òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kò tó mìlímítà 100.

Orí òkè lápá ìwọ̀-oòrùn ni òjò gidi ti ń rọ̀. Àgbàrá rẹ̀ a já wọ àfonífojì Dhana, a ru gùdù fún ọjọ́ mélòó kan, ibẹ̀ a tún gbẹ. Ní ọ̀rúndún kẹfà ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n mọ odi erùpẹ̀ tí wọ́n fi òkúta bò dí ẹnu rẹ̀, nǹkan bí mítà 600 ní gígùn. Kì í ṣe láti tọ́jú omi bíi ti Kainji o. Ṣe ni odi náà ń gbé àgbàrá sókè títí yóò fi ga ju oko lọ. Ẹnu-ọ̀nà omi méjì tí wọ́n fi òkúta kọ́, ọ̀kan ní àríwá, ọ̀kan ní gúúsù, ló ń pín in sí oko tó lé ní hẹ́kítà 9,000. Ọgbà méjì náà nìyẹn. Omi a dúró nínú oko títí ilẹ̀ yóò fi mu ún yó, kí wọ́n tó gbin nǹkan.

Àmọ́ àgbàrá kì í dá wá, ó ń kó ẹrẹ̀ bọ̀. Ẹrẹ̀ yìí ni ajílẹ̀ wọn, òun náà ni wàhálà wọn. Oko ń fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan ga sí i lọ́dọọdún. Níbòmíràn, ẹrẹ̀ náà ti jìn tó mítà 30. Bí oko bá ga, odi gbọ́dọ̀ ga; bí odi bá ga, omi tó ń tì í a wúwo sí i. Ó ya ní ọ̀rúndún karùn-ún, wọ́n tún un mọ. Ní nǹkan bí ọdún 548, Abraha, ọba ará Ethiopia tó ń ṣàkóso Yemen, tún un ṣe, ó sì gbẹ́ ìtàn iṣẹ́ náà sára òkúta, títí kan àjàkálẹ̀ àrùn tó bẹ́ sílẹ̀ nígbà náà. Lójú tiwa, àwọn tó fi ẹgbẹ̀rún ọdún tún odi kan mọ kì í ṣe ọ̀lẹ. Kí ọ̀rúndún kẹfà tó parí, ó ya pátápátá.

Ní 1986, wọ́n fi owó Sheikh Zayed ti Abu Dhabi kọ́ dáàmù tuntun sí òkè odò. Òun ń tọ́jú omi. Ẹnu-ọ̀nà omi méjèèjì àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́ǹbù ba ti àríwá jẹ́ ní 2015. Odi àárín wọn ni kò sí mọ́.