Ta Ló Tó Fi Bíṣọ́ọ̀bù Jẹ? Ìjà Róòmù àti Canterbury

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, wọ́n gbọ́wọ́ lé Samuel Àjàyí Crowther lórí ní kàtídírà Canterbury, wọ́n sì fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Gbogbo wa la ti kà á níléèwé pé òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ Áńgílíkà. Ohun tí wọn kì í sábà fi kún un ni pé, lójú Ìjọ Àgùdà, Crowther kò jẹ bíṣọ́ọ̀bù rí. Kò kan àwọ̀ rẹ̀, kò sì kan ìwà tàbí ìmọ̀ rẹ̀. Àwọn tó gbọ́wọ́ lé e lórí gan-an ni Róòmù ò kà sí bíṣọ́ọ̀bù, èèyàn kì í sì í fúnni lóhun tí kò ní.

Póòpù Leo Kẹtàlá fi èyí síwèé ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1896, nínú lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní Apostolicae Curae. Ó ní gbogbo oyè àlùfáà àti ti bíṣọ́ọ̀bù tí àwọn Áńgílíkà ń fi jẹ ní ìlànà tiwọn, òfo ni, kò múlẹ̀ rárá. Crowther ti kú láti 1891, kò gbọ́ ọ.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ìgbọ́wọ́lé fi le tó bẹ́ẹ̀? Ohun tí oníkálukú ń pè ní ìjọ ni kò bára mu. Ní ti Kátólíìkì, ìjọ dà bí ìdílé tí oyè rẹ̀ ti ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ láti ìgbà àwọn àpọ́sítélì, tí arọ́pò Pétérù sì jẹ́ olórí ilé. Bí ẹ̀wọ̀n náà bá já níbì kan, ohun tó kù lẹ́yìn ibẹ̀ kì í ṣe ìjọ ní kíkún mọ́. Àwọn ọmọlẹ́yìn Luther sọ tiwọn ní Augsburg ní 1530: níbi tí wọ́n bá ti ń wàásù ìhìn rere bó ṣe yẹ, tí wọ́n sì ń ṣe sakramẹ́ńtì bó ṣe tọ́, ibẹ̀ ni ìjọ wà. Ìwé ìgbàgbọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ní orí 39, sọ ohun tó jọ ọ́ ní orí 19, ó tilẹ̀ fi kún un pé Róòmù pàápàá ti ṣìnà.

Ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ jẹ méjèèjì. Wọ́n kúrò lábẹ́ póòpù, wọ́n sì di bíṣọ́ọ̀bù wọn mú pé ẹ̀wọ̀n náà kò já. Ìdí nìyẹn tí ìjà tiwọn fi gbóná. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń rìn kiri pẹ̀lú ewé akòko lórí, táwọn ará ilé kejì ń béèrè pé afọbajẹ wo ló já a lé e.

Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Matthew Parker ni ìbéèrè náà kọ́kọ́ dá lé. Ìwé àkọsílẹ̀ Lambeth fi hàn pé bíṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ló gbọ́wọ́ lé e ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1559. Nígbà tó yá, àwọn Kátólíìkì kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé irọ́ ni, pé ilé ọtí kan tó ń jẹ́ Nag's Head ní Cheapside ni wọ́n ti ṣe é, bí ẹni ń ṣeré. Ìtàn náà dùn, àmọ́ kò sí òótọ́ níbẹ̀, àwọn òpìtàn Kátólíìkì fúnra wọn sì pa á tì. Leo kò lò ó rárá.

Ọ̀rọ̀ inú ìwé ìsìn ló lò. Nígbà Ọba Edward Kẹfà, wọ́n yọ gbogbo ohun tó jẹ mọ́ pé àlùfáà ń rú ẹbọ Mísà kúrò nínú ìlànà oyè. Ọ̀rọ̀ tó kù ní kí ẹni náà gba Ẹ̀mí Mímọ́, kò dárúkọ oyè tó ń gbà. Ní 1662 wọ́n fi orúkọ oyè kún un. Leo ní ó ti pẹ́ jù: ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, kò sì sí bíṣọ́ọ̀bù tòótọ́ kankan mọ́ láàárín wọn tó lè tún un ṣe.

Ohun tó dùn wá jù ni pé ìrètí ìrẹ́pọ̀ ló bí lẹ́tà yìí. Lord Halifax, ọmọ Áńgílíkà, àti àlùfáà Faransé kan, Fernand Portal, pàdé ní erékùṣù Madeira ní 1890, wọ́n di ọ̀rẹ́, wọ́n sì rò pé bí Róòmù bá lè gba oyè àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìrẹ́pọ̀ yóò rọrùn. Leo yan ìgbìmọ̀ láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Kádínà Vaughan ti Westminster kò fẹ́ ẹ rárá, ìdájọ́ sì bọ́ sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀.

Ní 1897 àwọn bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury àti York, Temple àti Maclagan, fèsì ní èdè Látìn. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ tí kò dárúkọ ẹbọ bá ba oyè jẹ́, a jẹ́ pé oyè Róòmù fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́, torí àwọn ìlànà àtijọ́ kan ní Róòmù kò dárúkọ rẹ̀. Àwa rí i pé èsì yìí lágbára, ṣùgbọ́n kò tán ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò sọ nǹkan rí yàtọ̀ sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ kúrò.

Títí dòní, àlùfáà Áńgílíkà tó bá di Kátólíìkì, tó sì fẹ́ máa ṣe àlùfáà lọ, ní láti tún oyè jẹ, bí ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí. Bẹ́ẹ̀, Róòmù gba ìrìbọmi rẹ̀, wọn kì í tún un ṣe. Ní 1964, Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì rọ ọ̀rọ̀ náà lójú díẹ̀: ìjọ Kristi wà nínú Ìjọ Kátólíìkì, àmọ́ ọ̀pọ̀ ohun ìsọdimímọ́ àti òtítọ́ wà lóde rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1966, Póòpù Paul Kẹfà bọ́ òrùka bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì fi í fún Michael Ramsey, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury. Ní 1998, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní Vatican tún ka ìdájọ́ Leo mọ́ àwọn ẹ̀kọ́ tí ọmọ ìjọ gbọ́dọ̀ dì mú láìyẹ̀.