Àwọn Ọ̀nà Àtijọ́ ní Ilẹ̀ Òkè-Ògùn

Àwọn àgbà a máa wí pé abéèrè kì í ṣìnà. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fi ṣáájú, nítorí pé ọ̀ràn ọ̀nà ni a fẹ́ bá ẹ̀yin olùkàwé wa sọ. Kì í ṣe ti ọ̀nà ọ̀dà tí ọkọ̀ ńlá ń sáré lórí rẹ̀, bí kò ṣe ti ọ̀nà tóóró, oníyangí àti olókùúta wẹ́wẹ́, tí ń gba ẹsẹ̀ òkè àti inú igbó kọjá láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí, àti láti Ṣakí lọ sí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ni ó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, wọn kò sì mọ̀ pé ojú ìwé ìtàn ni táyà wọn ń tẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ilẹ̀ náà ti rí. Lẹ́bàá Ṣakí ni odò Ògùn ti ṣẹ̀ láàárín àwọn òkè, ó sì ń ṣàn lọ sí ìhà gúúsù títí ó fi dé ọ̀sà Èkó. Odò Òfìkì sì bọ́ sínú rẹ̀ lọ́nà. Ṣùgbọ́n omi tí ó bá rọ̀ sí ìhà àríwá a ṣàn sínú odò Móṣí, a sì ti ibẹ̀ bọ́ sínú odò Ọya. Nítorí náà, arìnrìn-àjò tí ó bá gba orí ilẹ̀ gíga tí ó pín omi méjèèjì níyà kò ní odò púpọ̀ láti là kọjá, ohun ńlá sì ni èyí ní ìgbà òjò. Àpáta ńláńlá ta yọ láàárín koríko. Igi òrí àti igi ìrú fọ́n káàkiri. Létí odò ni igbó ti dí. Òkè fúnra rẹ̀ ni àmì ọ̀nà: ẹni tí ó bá rí Òkè Aṣábàrí lókèèrè mọ̀ pé Ṣakí kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, nígbà tí àwọn Tápà lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, ilẹ̀ yìí ni ó gba ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ mọ́ra. Ìgbòho di olú-ìlú, Aláàfin mẹ́rin ni a sì sin síbẹ̀, kí Abípa tó kó àwọn ènìyàn padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀yọ́ di alágbára, àṣẹ rẹ̀ sì tàn dé etí òkun. Láti Àgbádárìgì ni ẹrù ti ń gòkè wá lórí àwọn aláàrù, tí àwọn oníbodè sì ń gba owó ẹyọ lọ́wọ́ àwọn alájàpá ní ẹnubodè.

Bí ọ̀nà náà ti rí nígbà náà, a ní ẹlẹ́rìí kan. Hugh Clapperton, ọ̀gágun ojú omi, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tlándì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ìparí ọdún 1825, òun pẹ̀lú Richard Lander ìránṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn mìíràn. Kí ọdún náà tó parí, àìsàn ti pa méjì nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Pearce àti Morison. Síbẹ̀ ó ń bá ìrìn-àjò rẹ̀ lọ. Nínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀, ohun kan yà á lẹ́nu gidigidi: wọ́n ti rin ọgọ́ta máìlì ní ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n ti pààrọ̀ àwọn aláàrù tó ìgbà mẹ́wàá, ẹrù wọn sì pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí iye rẹ̀ tó ṣílè kan kò sọnù. Àwọn tí ó rù ú kò mọ̀ ọ́n rí, wọn kò sì ní pàdé rẹ̀ mọ́.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1826 ni ó gòkè wọ Ṣakí láàárín àwọn àpáta. Ó rò pé Òkè Kong ni òun ń gùn, àwọn òkè gíga tí àwọn oníṣẹ́ àwòrán ilẹ̀ ní Yúróòpù ti ń yà láti ọdún 1798, bí ẹni pé wọ́n la gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà já. Ó di ìgbà tí Binger, ará Faransé, rìn nínú ilẹ̀ náà láàárín ọdún 1887 sí 1889 kí ayé tó mọ̀ pé kò sí irú òkè bẹ́ẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ ṣìnà. Ẹsẹ̀ àwọn aláàrù kò ṣìnà. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù náà ni Clapperton wọ Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn Haúsá ń pè ní Katunga, Aláàfin Májòtú sì gbà á lálejò. Ní ọdún 1830, Lander àti John àbúrò rẹ̀ tún gba ìhà kan náà gòkè lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń kó ọjà wá, òun náà ni ogun ń gbà wá. Ní nǹkan bí ọdún 1835 ni a fi Ọ̀yọ́-Ilé sílẹ̀ nítorí ogun Ìlọrin, Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó ní Àgó-Ọ̀jà. Báyìí ni ọ̀nà ọba di ọ̀nà ahoro. Àwọn ènìyàn sá gun orí òkè. Ìlú mọ́kànlá ni ó para pọ̀ di Òkè-Ihò, kí ọwọ́ ọ̀tá má baà tẹ̀ wọ́n. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1916, Ìṣẹ́yìn àti Òkè-Ihò dìde sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nítorí ilé-ẹjọ́ tuntun àti agbára tuntun tí a gbé lé Aláàfin lọ́wọ́. A fi ọmọ-ogun ṣẹ́gun wọn, ní ọdún 1917 sì ni Òkè-Ihò sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ó wà títí di òní.

Ohun méjì mìíràn tún mú kí àwọn ọ̀nà náà dákẹ́. Èkíní ni ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé bẹ̀rẹ̀ sí fà ní ọdún 1889, tí wọ́n sì parí ní 1898: ó gé Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn kúrò lára Kétu àti Ṣábẹ, tí í ṣe ìbátan wọn. Èkejì ni ọkọ̀ ojú irin. Ó dé Ìbàdàn ní 1901 àti Ìlọrin ní 1908, ó sì fi gbogbo Òkè-Ògùn sí apá òsì, ọjà sì tẹ̀ lé e.

Kẹ̀kẹ́ ni ó tún jí àwọn ọ̀nà wọ̀nyí. Ní ọdún 1885 ni Starley, ní Coventry, ṣe kẹ̀kẹ́ oníṣéènì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ní 1888 sì ni Dunlop, ní Belfast, fi rọ́bà tí ó kún fún afẹ́fẹ́ sí i lẹ́sẹ̀. Nígbà tí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀ wa, olùkọ́ àti àgbẹ̀ lè gba ibi tí mọ́tò kò lè gbà. Ní Emporia, ní Kansas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a dá ìje kẹ̀kẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 2006 lórí ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́, igba máìlì sì ni wọ́n ń sá. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń rìn jìnnà lọ wá, ó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa.

Ní ìgbà ọyẹ́ kan, a ń gun kẹ̀kẹ́ láti Ìṣẹ́yìn lọ sí ìjọ kékeré kan ní ìhà Òkè-Ihò, nígbà tí táyà wa bẹ́ lórí òkúta. Bàbá àgbẹ̀ kan jáde láti inú oko rẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ìrìn, olùkọ́. Ẹ kú ewu.” Ó gba kẹ̀kẹ́ àti ẹrù wa pamọ́ sí abà rẹ̀, a sì fi ẹsẹ̀ lọ. Ọ̀nà ti jìn kí a tó rántí pé owó wà nínú àpò náà. Ní ọjọ́ kẹta tí a padà dé, kò sí kọ́bọ̀ kan tí ó dín. A fẹ́ fún un ní nǹkan, ó kọ̀. Ó ní, “Ọmọ tèmi náà wà lójú ọ̀nà níbòmíràn.” Nígbà náà ni a rántí Clapperton àti ẹrù rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé kì í ṣe òkúta àti yangí ni ó ń ṣe ọ̀nà. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni. Níbi tí àlejò ti lè gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀nà wà. Níbi tí kò ti lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí a tilẹ̀ da ọ̀dà sí i, igbó ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ yín jáde ní ọjọ́ ìsinmi. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ibi tí ọ̀nà àtijọ́ gbà, ibi tí oníbodè jókòó sí, àti orúkọ òkè kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń dín kù lọ́dọọdún, àgbẹ̀ sì ń kọ ebè lé ojú ọ̀nà. Ní ti ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, inú ọgbà ẹranko tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1991 ni ó wà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ̀ ọ́ láìgba àṣẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá sì pàdé èrò tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ lọ́nà, ẹ dúró tì í. Báyìí ni àwọn baba yín ṣe la ọ̀nà náà.