Ọ̀nà Tó Gba Tuskegee Kọjá

Nǹkan bí 20 máìlì ni Auburn sí Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Láti 1907 ni wọ́n ti ń kọ́ni ní ìṣègùn ẹranko ní Auburn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ dúdú Tuskegee mọ kẹ́mísírì bí ẹní mowó, asán ni: 1964 ni Yunifásítì Auburn ṣẹ̀ṣẹ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ dúdú àkọ́kọ́.

Apá Àríwá orílẹ̀-èdè náà ni ọmọ dúdú tó bá fẹ́ di dókítà ẹranko ń forí lé nígbà náà. Augustus Lushington, ọmọ Trinidad, kọ́kọ́ gboyè ní Cornell ní 1894, kó tó di dókítà ẹranko ní Yunifásítì Pennsylvania ní 1897.

Ti Frederick Patterson ló ládùn jù. Wọ́n bí i ní 1901, òbí rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló sì tọ́ ọ. Ní Prairie View, ilé ẹ̀kọ́ àwọn dúdú ní Texas, ó bá Edward Evans pàdé, dókítà ẹranko dúdú tó jáde ní Iowa State ní 1918. Lónìí, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko ní Amẹ́ríkà sábà máa ń béèrè bàọ́lọ́jì àti físíìsì, wọ́n sì tún sábà máa ń béèrè wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà ẹranko. Ṣùgbọ́n ohun tí Patterson rí lára Evans kì í ṣe ohun tí fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé ń gbà: ó rí ènìyàn dúdú tó ti ṣe é. Iowa State lòun náà lọ, ó sì gboyè ní 1923.

Ó dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn dúdú tó wà ní Tuskegee ní 1928, ó di ààrẹ ibẹ̀ ní 1935. Ní 1945, ó dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ ní Auburn kò tún nílò láti rìn dé Iowa mọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ wọlé ni Alfreda Johnson Webb. Tuskegee náà ló ti gba dìgírì àkọ́kọ́ ní 1943, nígbà tí ẹ̀ka yìí kò tíì sí rárá. Ó jáde ní 1949. Lọ́dún yẹn kan náà ni Jane Hinton jáde ní Pennsylvania, ó sì ti bá John Mueller ṣe ohun èlò àyẹ̀wò kòkòrò àrùn tí ilé ìwòsàn ṣì ń lò di òní. Àwọn méjèèjì ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó di dókítà ẹranko ní Amẹ́ríkà. Webb padà di olùkọ́, ìmọ̀ nípa ẹ̀yà ara ẹranko ló sì ń kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.