Agbo Ilé àti Àgbà Tí Ń Ṣarán ní Èkìtì

Ní Igbemo-Èkìtì àti àwọn ìlú tí ó yí i ká, agbo ilé ni ó ń ṣọ́ arúgbó tí ń ṣarán, ìyẹn ẹni tí ogbó mú gbàgbé ọ̀nà ilé àti orúkọ ọmọ, nítorí pé yàrá ilé àtijọ́ yí àgbàlá ká, tí ẹni tí ó bá fẹ́ jáde yóò sì kọjá lójú àwọn tí ń fẹ́ ìrẹsì níbẹ̀. Irú ìṣọ́ yìí ni Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, gbára lé ní Arò, Abẹ́òkúta, ní 1954, nígbà tí ó fi àwọn alárùn ọpọlọ wọ̀ sí abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn. Ìwádìí lórí àrùn ìṣarán ní Ìbàdàn àti Indianapolis ní Amẹ́ríkà, tí dókítà Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀, fi hàn ní 2001 pé àrùn náà ṣọ̀wọ́n láàrin Yorùbá ju láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lọ. Ṣùgbọ́n ìdílé tí ó kàn kò mọ̀ ọ́n sí ohun tí ó ṣọ̀wọ́n rárá.