Agbolé kan, ojúlé púpọ̀: ìtàn subnet

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ ti wà ní ọ́fíìsì tí fóònù yín rí Wi-Fi, àmọ́ tó kọ̀ tí ò wọlé? Nígbà míì, kì í ṣe dátà ló tán o. Àdírẹ́sì ló tán. Oògùn ẹ̀ sì ti wà láti 1985. Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn ẹ̀.

2/ Gbogbo ẹ̀rọ orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ní nọ́ńbà tá à ń pè ní IP address. Ní 1981, wọ́n pín àwọn nọ́ńbà yìí sí ìsọ̀rí. Class A gba ẹ̀rọ tó lé ní mílíọ̀nù 16, Class B gba 65,534, Class C gba 254 péré.

3/ Ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ 300 wá ńkọ́? Class C ò gbà á. Class B dà bí agbádá bàbá lọ́rùn ọmọ ọdún mẹ́ta.

4/ Àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà tètè kan ìṣòro yìí. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ti ń ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá lọ gba nọ́ńbà tiẹ̀, àwọn router tó wà níta ní láti mọ gbogbo wọn. Ẹrù yẹn á pọ̀ jù.

5/ Ní October 1984, Jeffrey Mogul ti Stanford kọ àbá kan, RFC 917. Ní August 1985, òun àti Jon Postel gbé RFC 950 jáde, ìyẹn ìlànà subnet.

6/ Ẹ fi agbolé wò ó. Àlejò ò nílò ju orúkọ agbolé lọ. Tó bá ti dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ará ilé á júwe ojúlé tó ń wá fún un. Subnet mask, bíi 255.255.255.0, ló ń sọ ibi tí orúkọ agbolé àti ti ojúlé parí sí, tí ti ẹni inú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

7/ Ní 1993, CIDR pa ọ̀rọ̀ Class tì. Ní February 1996, RFC 1918 ya àwọn nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè lò nínú ilé lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí nìyẹn tí 192.168 fi wà ní ọ́fíìsì yín, tó tún wà ní tiwa.

8/ Ó dáa, 192.168.1.0/24 yín ti kún. Ẹ má kàn so router míì mọ́ ti tẹ́lẹ̀ o. Printer lè di àwátì. Ẹ fi 192.168.2.0/24 kún un, lórí VLAN tiẹ̀, kí router jẹ́ ilẹ̀kùn àárín méjèèjì, kí DHCP sì máa pín nọ́ńbà fún tuntun náà. Ẹ̀rọ àtijọ́ kankan ò ní yí nọ́ńbà padà.

9/ Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ lè kó fóònù àlejò sí ojúlé tuntun, kí ẹ sì ní kí router má jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń san owó oṣù. Tí gbogbo wọn bá wà lójúlé kan náà, ta ló máa dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà?

10/ Ẹ tag ẹni tó ń bójú tó Wi-Fi ọ́fíìsì yín. Ẹ bi í pé: ojúlé mélòó la ní?