Ben Alder: Òkè Tó Fi Ọmọ Ọba Pamọ́

Nígbà tó fi máa di ọdún 1746, ìjọba Bírítéènì ti ṣèlérí £30,000 fún ẹnikẹ́ni tó bá lè fa Charles Edward Stuart lé wọn lọ́wọ́. Ọmọ ọba yìí ń sá káàkiri Highlands, ilẹ̀ olókè tó wà ní àríwá Scotland, láàárín àwọn tálákà tí wọn kò fojú rí ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn rí. Odidi oṣù márùn-ún ló fi sá. Kò sí ẹni tó tà á.

Ọ̀kan lára àwọn ibi tó sá sí gbẹ̀yìn ni òkè Ben Alder. Mítà 1,148 ni gíga rẹ̀, ṣùgbọ́n jíjìnnà tó jìnnà sí ìlú ló sọ ọ́ di olókìkí. Títí di òní, kò sí ọ̀nà mọ́tò ìgboro tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kí ló gbé ọmọ ọba débẹ̀? Ní 1745, Charles wá gba ìtẹ́ tí wọ́n lé bàbá rẹ̀ àgbà kúrò lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé Highlands gbè é lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin, 1746, àwọn ọmọ ogun ìjọba ṣẹ́gun wọn ní Culloden, ogun náà kò sì tó wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni àwọn sójà bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun ilé, tí wọ́n ń kó màlúù lọ. Ilé Ewen MacPherson, olórí ìdílé tí wọ́n ń pè ní Cluny, wà lára àwọn èyí tí wọ́n sun.

Cluny sá wọ igbó. Ní ara Ben Alder, ó ní ibùba kan tí wọ́n ń pè ní Àgò Cluny. Inú igi tó dí ni wọ́n kọ́ ọ sí, ó ní àjà méjì, ó sì gba èèyàn mẹ́fà tàbí méje. Àpáta tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, nítorí náà, bí wọ́n bá dáná, ẹni tó wà lókèèrè kò lè mọ èéfín yàtọ̀ sí òkúta. Níbẹ̀ ni Charles wà ní oṣù Kẹsàn-án, tí ìròyìn fi dé pé ọkọ̀ ojú omi ti dé láti Faransé. Ó rìn lọ sí etíkun, ó sì wọkọ̀ lọ.

Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ gun òkè náà lè sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè ní Dalwhinnie, kí ó gba etí adágún Ericht lọ sí Culra. Ìrìn náà tó nǹkan bíi kìlómítà 15 kí gígùn gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Láti Culra, apá òkè olókùúta kan tí wọ́n ń pè ní Long Leachas ni ọ̀pọ̀ ń gbà gòkè. Àwọn mìíràn máa ń bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Corrour, wọn a gba etí adágún Ossian, wọn a tẹ̀ lé odò Uisge Labhair dé Bealach Dubh, ìyẹn Ọ̀nà Dúdú ní èdè Gaelic. Orí òkè náà tẹ́jú, ó sì fẹ̀. Bí kùrukùru bá bò ó, èèyàn lè ṣìnà lọ sí etí ọ̀gbun.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn olówó sọ agbègbè náà di ibi ìṣọdẹ àgbọ̀nrín. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2003 ló kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ẹnikẹ́ni lè rìn lórí ilẹ̀ Scotland, bí kò bá ti ba nǹkan jẹ́.

Àwọn àgbà ní bí erin méjì bá ń jà, koríko ibẹ̀ ló ń jìyà. Charles kò padà sí Highlands mọ́. Róòmù ló kú sí ní 1788. Ọdún mẹ́sàn-án ni Cluny fi sá pamọ́ kó tó lọ sí Faransé. Ní ti àwọn mẹ̀kúnnù, òfin gba ohun ìjà lọ́wọ́ wọn, ó sì ka aṣọ ìbílẹ̀ wọn léèwọ̀ fún ọkùnrin àti ọmọdékùnrin títí di 1782.

Ìwé ìtàn kún fún orúkọ ọmọ ọba. Èmi ń ronú nípa àwọn tó mọ ọ̀nà Àgò, tí ebi ń pa, tí wọ́n sì pa ẹnu mọ́. Gbèsè tí Charles jẹ wọn, kò san án.