Ìdí Tí Àmì Ohùn Fi Ń Sọnù Nígbà Tí A Bá Ṣí Fáìlì PDF Láti Tún Un Ṣe

Fáìlì PDF, tí ilé-iṣẹ́ Adobe gbé jáde ní ọdún 1993, wà kí ìwé lè rí bákan náà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà. Fọ́ǹtì tí a fi kọ ìwé náà lè wà nínú fáìlì ọ̀hún, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, kìkì àwọn lẹ́tà tí a lò ni ó máa ń wà níbẹ̀.

Bí a bá ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ nínú Inkscape tàbí CorelDRAW, tí fọ́ǹtì náà kò sì sí lórí kọ̀ǹpútà, òmíràn ni yóò rọ́pò rẹ̀. Nínú ìlànà Unicode, «ẹ́» àti «ọ̀» kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo: lẹ́tà lọ́tọ̀, àmì ohùn lọ́tọ̀. Fọ́ǹtì tí kò lè so wọ́n pọ̀ lè gbé àmì sí ibi tí kò yẹ, tàbí kí ó sọ ọ́ nù. Báyìí ni ìkéde nípa ọkọ́ tí a fi ń roko ṣe lè di ti ọkọ ìyàwó.

A gba ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìwé fún aráàlú níyànjú pé:

1. Kí ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ fọ́ǹtì náà lábẹ́ «Properties» nínú Adobe Reader.
2. Kí ẹ fi í sórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó ṣí fáìlì náà. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ lo Charis SIL tàbí Noto Sans; ọ̀fẹ́ ni wọ́n.
3. Bí ẹ kò bá ní yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà, kí ẹ sọ lẹ́tà di àwòrán nígbà tí ẹ bá ń ṣí i.
4. Kí ẹ ka ẹ̀dà kan fínnífínní kí ẹ tó tẹ ìyókù.